Èsì: Kí ni kí n kọ sínú CV nígbà tí n kò tíì ṣiṣẹ́ rí?

Àbúrò mi, o ní olùkọ́ yín ní kí ẹ fi CV (ìwé tí a fi ń sọ ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ tí a ti ṣe) sínú fáìlì iṣẹ́ yín, ìwọ ò sì tíì gba owó oṣù rí. O ti ṣiṣẹ́, o kàn ò kà á sí iṣẹ́ ni.

Ìwọ náà lo sọ pé ìsọ̀ àdìrẹ ìyá rẹ ní Ìtòkú lo máa ń wà tí ẹ bá gba ọlidé. Ta ló ń kọ iye ìgàn aṣọ tó wọlé? Ta ló ń dá oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp? Má kọ "mo ń ran ìyá mi lọ́wọ́." Kọ ọ́ pé: "Olùtọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà, ìsọ̀ àdìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta: mo ń ka aṣọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo sì ń kọ gbèsè sílẹ̀." Lẹ́yìn náà, ya fọ́tò ojú ìwé kan nínú ìwé ọjà yẹn, bo orúkọ àwọn oníbàárà, kí o fi sẹ́yìn CV náà. Ohun tí fáìlì wà fún gan-an nìyẹn: kí ẹ̀rí wà fún ohun tí o kọ.

Oṣù mẹ́rin tí o fi ṣe SIWES, ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé ní kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣe níbi iṣẹ́, ni kó ṣáájú nínú CV náà. Logbook rẹ, ìwé tí o ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí nígbà yẹn, dà? Ibẹ̀ ni wàá ti rí ohun tí o ṣe.

Jọ̀ọ́, má kọ ohun tí o kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kọ ọ́ sínú CV tèmi nígbà kan pé mo mọ Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà síwájú mi pé kí n ro owó pọ̀, ọwọ́ mi kàn ń gbọ̀n ni.

Ojú ìwé kan ti tó. Tí o bá kọ ọ́ tán, gbé e síbí, màá bá ọ kà á.