Ṣé kí n ṣì máa tú fóònù ọkọ mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìjẹ̀bú-Òde là ń gbé, àmọ́ Èkó lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń wálé. Díákónì ni wọ́n. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni wọ́n fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ fún mi pé àtìgbà tí wọ́n ti wà nílé ìwé ni fíìmù ìhòhò ti di bárakú fún wọn, àti pé láti bí ọdún méjì, wọ́n ti ń gbé obìnrin wọ yàrá wọn l'Ékòó. Wọ́n sunkún, a gbààwẹ̀, wọ́n gorí òkè lọ gbàdúrà. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo tún bá fíìmù yẹn nínú fóònù wọn. Ìyá ọkọ mi ní ọkùnrin wo ni ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ní kí n gbàgbé, kí n má fi ara mi du ọkọ mi. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mò ń tú fóònù wọn, mi ò sì rí oorun sùn. Ṣé ẹ̀mí òkùnkùn ni àbí àìsàn? Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́-orí wọn, tún ti mú aṣọ ọdún Ojúde Ọba, wọ́n fẹ́ ká jọ wọ̀ ọ́. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ ká ti orí fóònù yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Ẹ dá a padà fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan pa mọ́ á ra fóònù kejì, á rí ibi tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ̀yin á kàn wá di ọlọ́pàá nínú ilé ara yín ni. Nínú iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn tí mò ń ṣe fún tọkọtaya ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, mi ò tíì rí ọkùnrin tí ìyàwó fi ṣíṣọ́ gbà là.

Ohun tó máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kí ọkùnrin méjì tàbí mẹ́ta mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, láìku ẹyọ kan. Jákọ́bù 5:16 ní ká jẹ́wọ́ fún ara wa, ká sì máa gbàdúrà fún ara wa, ká lè rí ìwòsàn. Kí wọ́n má jẹ́ ọmọ abẹ́ wọn tó ń pè wọ́n ní "sà" lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó lè bi wọ́n léèrè láìbẹ̀rù ni kí wọ́n wá. Kí ọ̀kan nínú wọn bá wọn ti àwọn ojú ìwé ìhòhò pa lórí fóònù, kí páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ẹ̀yin kọ́ ni kó wà lọ́wọ́ yín. Mo sì rò pé kí wọ́n fi iṣẹ́ díákónì sílẹ̀ ná, kí wọ́n fúnra wọn lọ sọ fún pásítọ̀, kó má di pé ẹlòmíràn ló tú u síta.

Ní ti ẹ̀mí tàbí àìsàn: Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwà ìbálòpọ̀ tí èèyàn ò lè kó níjàánu kún àkójọ àwọn àìsàn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2022. Wọn ò kà á mọ́ bárakú bíi ti ọtí tàbí oògùn, abẹ́ àìlèkóra-ẹni-níjàánu ni wọ́n fi í sí. Ó gbọ́dọ̀ ti tó oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì máa ba ayé onítọ̀hún jẹ́. Wọ́n ní ti pé ẹ̀rí-ọkàn ń dá èèyàn lẹ́bi nìkan kò tó láti pè é ní aláìsàn. Dókítà ló máa sọ bóyá tiwọn dé ibẹ̀. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì ní Ṣàgámù, ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró sì wà l'Ábẹ́òkúta. Mo mọ bí orúkọ Aró ṣe máa ń rí létí àwa ará ìhín! Àmọ́ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1954, inú àwọn abúlé tó yí ibẹ̀ ká ló fi àwọn aláìsàn sí pẹ̀lú ẹbí wọn, torí ó gbà pé àárín èèyàn lara ti ń yá.

Mi ò bú orí òkè o. Ṣùgbọ́n ẹ ka Mátíù 12:43-45. Ẹ̀mí àìmọ́ tó jáde padà wá, ó bá ilé náà ní gbígbá, ó ṣófo, ló bá lọ kó méje mìíràn wá. Àdúrà ti gbálẹ̀. Ta ló wá ń bá wọn gbé yàrá yẹn láti ọjọ́ Mọ́ńdè títí di ọjọ́ Jímọ̀? Kí wọ́n wá arákùnrin tí wọ́n á jọ máa gbé, tàbí kí wọ́n kó lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí. Ìyẹn ṣe kókó ju ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta mìíràn lọ, lójú tèmi.

Àwọn ìyá ìjọ tó ní kẹ́ ẹ má fi ara yín dù wọ́n, ohun rere ni wọ́n ní lọ́kàn, àmọ́ wọ́n ṣì í. Àìtó yín kọ́ ló bí ìwà tó ti wà kí wọ́n tó mọ̀ yín, ara yín kọ́ sì ni oògùn rẹ̀. 1 Kọ́ríńtì 7:5 pàápàá, ìfohùnṣọ̀kan ló sọ. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti àwọn àrùn ìbálòpọ̀ yòókù. Kẹ́ ẹ tún ti HIV ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí ìgbà tí wọ́n bá obìnrin mìíràn lò kẹ́yìn, torí kì í tètè hàn. Títí dìgbà náà, ẹ lo kọ́ńdọ̀mù tàbí kẹ́ ẹ dúró. Bí wọ́n bá ń fipá mú yín, tí wọ́n ń lù yín, tàbí tí ọwọ́ wọn kan ọmọdé, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn: ẹ kọ́kọ́ jáde nílé, kẹ́ ẹ lọ fẹjọ́ sùn.

Ṣé dandan ni kẹ́ ẹ gbàgbé? Rárá. Jósẹ́fù fẹ́ràn àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń sunkún ní kọ̀rọ̀, síbẹ̀ kò fi ara rẹ̀ hàn wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dé Íjíbítì. Ó wò wọ́n ná. Ìgbà tí Júdà ní kí wọ́n fi òun ṣe ẹrú dípò Bẹ́ńjámínì ni kò lè mú un mọ́ra mọ́. Júdà yìí kan náà ló yà sọ́dọ̀ obìnrin tó pè ní aṣẹ́wó lẹ́bàá ọ̀nà, ní Jẹ́nẹ́sísì 38, láìmọ̀ pé Támárì, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ni. Nígbà tí àṣírí tú, kò purọ́, ó ní Támárì ṣe olódodo ju òun lọ, kò sì tún bá a lò pọ̀ mọ́. Ẹ lè dárí jì wọ́n lónìí, kó sì gba ọdún kan tàbí méjì kẹ́ ẹ tó lè gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Nípa ìṣubú tẹ́ ẹ sọ, Òwe 24:16 ní olódodo á ṣubú nígbà méje, á sì tún dìde. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ rí i, wọn ò sọ ọ́. Ẹ jọ fẹnu kò pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, wọ́n á sọ fún àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n á sì sọ fún yín kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹ má bi wọ́n bí obìnrin náà ṣe rí tàbí ohun tí wọ́n ṣe. Ẹ̀yin lẹ máa gbé àwòrán yẹn sùn.

Ẹ̀yin náà, ẹ wá obìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ ń pa mọ́, tí kì í ṣe ẹbí ọkọ. Àìsùn yẹn, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Aṣọ Ojúde Ọba ńkọ́? Bí ọkàn yín ò bá gbé e, ẹ sọ fún wọn jẹ́ẹ́jẹ́ pé ó di ẹ̀ẹ̀míì. Ojúde Ọba ò ní kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Ẹ fún ọkọ yín ka ìdáhùn yìí. Sà, mo mọ̀ pé ìtìjú pọ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ la ẹnu láìsí pé ẹnikẹ́ni ká yín mọ́, ọ̀pọ̀ ò lè ṣe é. Bẹ́ ẹ bá délé ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí ìyàwó yín tó béèrè, ẹ sọ orúkọ àwọn ọkùnrin tẹ́ ẹ ti bá sọ̀rọ̀ àti ọjọ́ tí dókítà dá fún yín.