Ṣé oòrùn lè ṣáàjì òòfà?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo kà á pé wọ́n ti ń fi ìmọ́lẹ̀ darí òòfà nínú àwọn ọ́kísáìdì onípele, ìyẹn àwọn èròjà tí ọ́síjìn wà nínú wọn, tí átọ́ọ̀mù wọn tò ní ìpele-ìpele. Ẹnì kan wá fẹ́ ta òkúta pẹlẹbẹ dúdú kan fún mi. Ó ní tí mo bá ń sá a sóòrùn, tàbí tí mo tan lésà kékeré sí i, òòfà rẹ̀ á máa lágbára sí i, á sì fa ìrora kúrò lára. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á o. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bi mí, inú sì ti ń bí mi sáwọn tó ń tà á, torí òótọ́ ni wọ́n fi ń bo irọ́ wọn.

Ẹ wo ọ̀kan nínú àwọn ọ́kísáìdì náà, èyí tí wọ́n fi mẹ́táàlì mẹ́ta, lanthanum, strontium àti mángánísì, pẹ̀lú ọ́síjìn ṣe. Átọ́ọ̀mù mángánísì kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ jẹ́ òòfà kékeré, ṣùgbọ́n bí ìlà kan bá kọjú síbí, èyí tó tẹ̀ lé e á kọjú sọ́hùn-ún, wọ́n á sì pa agbára ara wọn rẹ́. Ẹ gbé abẹ́rẹ́ sún mọ́ ọn, kò ní mira. Ètò yìí gan-an kì í sí àfi tí òtútù bá tó nǹkan bí -163°C. Nínú oòrùn kẹ̀? Ó ti tú ká tipẹ́.

Àwọn tó ń tà á ní ìmọ́lẹ̀ ń ṣáàjì òòfà bíi fóònù. Irọ́ ni. Lésà tí ojú kò lè rí ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tàn sí ọ́kísáìdì yìí. Kí ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá tó pé, ó ti tàn, ó ti kú. Wọ́n yàn án kó bá bí mángánísì àti ọ́síjìn ṣe ń gbọ̀n mu. Gbígbọ̀n yẹn ló ń da ètò àwọn òòfà kékeré náà rú. Kò fi nǹkan kan kún un. Ní Faransé lọ́dún 1996, tí wọ́n tan lésà tó ń yára kú bẹ́ẹ̀ sí níkẹ́ẹ̀lì, òòfà rẹ̀ dín kù ni. Ní Netherlands lọ́dún 2007, wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tó ń yí bírípó yí ojú òòfà irin àdàlù kan padà, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ojú ló yí, agbára kò lé. Ooru oòrùn ní tiẹ̀, tó bá ṣe nǹkan kan fún òòfà, àárẹ̀ ló máa dá sí i lára.

Èmi kì í ṣe dókítà, n kò lè sọ ohun tó ń ro yín lára. Ẹ lọ sílé ìwòsàn. Tí lésà náà bá sì ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má tàn án sí ohunkóhun tó ń dán: ó lè ta padà sójú yín, ibi tí lésà bá sì jó nínú ojú kì í sábà padà sípò.