Wárápá kì í ran: kò sí ìdí tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ jókòó sílé

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì, ọmọ ọmọ mi wà ní pírámárì kẹrin ní Ìsánlú. Gìrì gbé e ní kíláàsì, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀gá iléèwé ní kó máa sinmi nílé títí yóò fi sàn, kó má baà ran àwọn yòókù. Ó ti di táàmù kejì. Àgbo wo ló lè tètè wò ó kó lè padà?

Ìdáhùn: Òkun o, Màmá. Kò dìgbà tí ọmọ náà bá sàn tán kó tó padà síléèwé. Àgbo kọ́ ló kàn.

Wárápá, àìsàn tó máa ń mú kí gìrì gbé èèyàn léraléra, kì í ran ẹnikẹ́ni. Inú ọpọlọ ló ti ń ṣẹlẹ̀, bí ìgbà tí wáyà iná méjì bá kan ara wọn tó sì ṣẹ́ná. Itọ́ tẹ́ ẹ rí yẹn, itọ́ lásán ni, irú èyí tí ẹ ń gbé mì bí ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ náà ò lè gbé tirẹ̀ mì lákòókò yẹn, èémí sì ń fẹ́ sí i, ló fi ń hó. Tó bá gé ahọ́n jẹ, ẹ ó rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Mi ò lè ka iye ẹnu tí mo ti fọwọ́ mi nù.

Ìbẹ̀rù itọ́ yìí ló ń pa ọmọ lára jù. Wọ́n pè mí sí iléèwé kan rí: ọmọ náà nà gbalaja láàárín àwọn bẹ́ǹṣì tó dojú dé, tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi gèlè bo imú. Kò sẹ́ni tó dà á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ìyẹn gan-an sì ni ìtọ́jú náà: ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ dà á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹ wo aago. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, tàbí tí òmíràn tún gbé e kó tó jí, ilé ìwòsàn ni. Ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ìtọ̀ màlúù tí wọ́n ń fún ọmọ mu, mo bẹ̀ yín, ó ń pa ọmọ!

Dókítà ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó yan oògùn. Mi ò lè yàn án níbí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ ni gìrì ń fi sílẹ̀. Ẹ má dá oògùn náà dúró lójijì o.

Ní ti iléèwé, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi lé e. Kò ní sí. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á ní kó lọ sinmi, wọ́n á máa kọ ọ́ sí rẹ́jísítà pé kò wá, nígbà tó bá yá wọ́n á ní òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́ di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kẹ́ ẹ mú un lọ bá ọ̀gá iléèwé. Tó bá kọ̀, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yín, níbẹ̀ ní Ìsánlú.

Kẹ́ ẹ tó ra àgbo kankan, ẹ mú ọmọ náà wá sí klíníìkì. Ẹ kó gbogbo ohun tó ti ń mu dání, títí kan èyí tó wà nínú ìgò, kí n fojú mi rí i.