Nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kọ́ ni òfin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní nọ́ńbà ìwọ̀n eré tí òfin gbà (iye máìlì ní wákàtí kan) tí ọkọ̀ yín ń fi hàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù jẹ́ 30 ní àdúgbò tó jẹ́ 20, ó tún ń fúnra rẹ̀ tẹ bíréèkì lójú M4, ọ̀nà márosẹ̀ tó wọ Wales, nígbà tí kò sí nǹkan kan níwájú, ẹ sì fẹ́ lọ pààrọ̀ kámẹ́rà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó yẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba owó lọ́wọ́ mi, ó sì kù díẹ̀ kó gba ẹ̀mí mi. Kò sì sóhun tó ṣe kámẹ́rà tèmi. Àwọn tó tà á fún mi so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí àléébù kankan.

Ibi méjì ni ọkọ̀ ti ń mú nọ́ńbà yẹn wá: kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú, nídìí díńgí àárín, tó ń ka pátákó, àti máàpù tó wà nínú ọkọ̀. Tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò bá bára mu, ọkọ̀ á mú ọ̀kan, kò sì ní sọ èyí tó mú fún yín.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ń ṣe ní Newport, ìlú kan ní Wales, láti ilé kan sí òmíràn, nítorí náà títì àdúgbò ni mo fi ń jẹun. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni Wales sọ ọ̀pọ̀ títì tó jẹ́ 30 di 20. Ohun tí púpọ̀ nínú wa tó ti ilé wá kò mọ̀ ni pé níbi tí òpó iná bá ti tò lọ létí títì, òpó iná yẹn gan-an ni àmì pé 20 ni. Wọn á ri 20 mọ́lẹ̀ ní àbáwọlé, ó parí, wọn kì í tún un fi sára òpó bí ẹ ṣe ń lọ. Tí trélà kan bá bo ti àbáwọlé yẹn mọ́ kámẹ́rà lójú, kò sí òmíràn tó máa rí mọ́, máàpù ló kù. Máàpù tèmi ti ọdún 2021 ni. 30 ló mọ̀. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rí 30, ọkàn mi balẹ̀, mo ń lọ ní 29.

Lẹ́tà pé mo sáré ju òfin lọ dé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Mo ti lo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n máa ń fi rọ́pò ìjìyà lọ́dún tó ṣáájú, wọn kì í sì í fúnni ní èkejì láàárín ọdún mẹ́ta. Bí mo ṣe san £100 nìyẹn, póìǹtì ìjìyà 3 sì wọ láíséǹsì mi. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ pé ọkọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí láíséǹsì ibí yín kò tíì pé ọdún méjì, póìǹtì 6 péré ni wọ́n fi ń gbà á padà, ẹ fiyè sí i gidigidi.

Ti M4 ló bà mí lẹ́rù jù. Mo ń lọ sí Cardiff láàárọ̀, mo fi ọkọ̀ sí cruise control, ohun tó ń mú kí ọkọ̀ máa sáré níwọ̀n kan láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ wà lórí iná, tèmi sì ń tẹ̀ lé pátákó fúnra rẹ̀, a wà ní 70. Ọ̀nà kan yà sọ́wọ́ òsì, 40 wà níbi kọ́nà rẹ̀. Kámẹ́rà rí 40 yẹn, kò mọ̀ pé tiwa kọ́, ni ọkọ̀ bá tẹ bíréèkì. Bẹ́líìtì fún mi láyà, báàgì mi fò láti orí síìtì bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo máa wo díńgí, iwájú trélà ti kún un, mo ń rí òkú kòkòrò tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó tẹ fèrè títí etí mi fi ń hó. Mo sáré tẹná. Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.

Ọjọ́ náà ni mo pa títẹ̀ lé pátákó yẹn nínú sẹ́tíǹsì, n kò sì tíì tan án padà. Mo fi nọ́ńbà sílẹ̀ kó máa hàn, ṣùgbọ́n ojú ara mi ni mo fi ń ka ọ̀nà. Ní àwọn orílẹ̀-èdè EU (àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù), láti oṣù Keje 2024 ni gbogbo ọkọ̀ tuntun ti gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń sọ ìwọ̀n eré tí òfin gbà fún awakọ̀, síbẹ̀ òfin wọn gan-an ní kí awakọ̀ lè pa á.

Ẹ ṣọ́ àmì funfun rìbìtì tí ilà dúdú dábùú rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà lára rẹ̀: 60 ni lójú ọ̀nà tí kò pín sí méjì, 70 níbi tó bá pín. Ọkọ̀ ni yóò pinnu irú ọ̀nà tó wà, mo sì ti rí i tó kọ 70 sójú ọ̀nà oko tí ọkọ̀ méjì kò lè pàdé.

Kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun, ẹ nu gíláàsì níwájú kámẹ́rà, nínú àti lóde. Tí ẹ bá ti pààrọ̀ gíláàsì yẹn rí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n tún kámẹ́rà tò lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan jókòó tì yín, ẹ wakọ̀ gba àdúgbò tí ẹ mọ̀ dáadáa, kó máa kọ ibi tí nọ́ńbà ti ń yí sílẹ̀. Tó bá yí gẹ́rẹ́ tí ẹ kọjá pátákó, kámẹ́rà ló sọ̀rọ̀. Tó bá yí níbi tí kò sí pátákó kankan, máàpù ni. Bó bá jẹ́ máàpù, ẹ fi Wi-Fi ilé yín sọ ọ́ di tuntun, tàbí kí ẹ gbé e lọ bá àwọn tó tà á, kí ẹ tún gba àdúgbò yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ wò ó.