Ẹyẹ wa àti slọ́ọ̀tì Panama: èwo ló sún mọ́ àparun jù?

Ìbéèrè: Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní Iléṣà. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń jiyàn lórí ẹyẹ Ìbàdàn Malimbe àti slọ́ọ̀tì kékeré ilẹ̀ Panama ní Àárín Amẹ́ríkà, ẹranko onírun tó ń gbé orí igi, tó sì ń lọ́ra gan-an: èwo ló wà nínú ewu jù? Kí la sì lè ṣe níbí?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Slọ́ọ̀tì ni. Àjọ IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu, kà á mọ́ ìpele tó kẹ́yìn kí ẹranko tó run tán nínú igbó. Ìpele kan péré ni ewu ti ẹyẹ wa fi kéré sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ má rò pé ìrìn alágẹmọ tó ń rìn ló fà á. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń lọ́ra, kò pa á. Ibi tó ń gbé ni ọ̀rọ̀ wà: erékùṣù kan ṣoṣo, Escudo de Veraguas, tí kò pé kìlómítà onígun mẹ́rin 5. Ilẹ̀ yunifásítì wa ní Ifẹ̀ níbí tóbi jù ú lọ dáadáa! Òkun ti gé erékùṣù náà kúrò lára ilẹ̀ ní nǹkan bí 9,000 ọdún sẹ́yìn. Bí wọ́n bá gé igi inú ẹrẹ̀ etí òkun tó fi ṣe ilé, kò ríbi sá sí.

Ẹyẹ tiwa ṣì ríbi sá sí, ìyẹn ló ń dùn mọ́ mi nínú. Ọdún 1958 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Kò sí níbòmíràn láyé àfi ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, Ifẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti rí i. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà ni, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀gà aláwọ̀ ìyeyè tó ń pariwo lórí ọ̀pẹ. Dúdú ni, orí àti àyà rẹ̀ pọ́n bí epo, òkè igi ló sì ti ń wá kòkòrò jẹ.

Igbó tí a ń ṣán ló ń lé e. Kì í ṣe inú ẹgàn nìkan ló ń gbé. Ó máa ń wọ oko tí igbó kù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ bẹ àwọn òbí wọn tó ní oko kòkó: bí wọ́n bá ń ṣánko, kí wọ́n dá ìrókò àti àfàrà sí, pẹ̀lú ìtàkùn tó lọ́ mọ́ ọn. Ẹ kó wọn lọ sí etí igbó ní ìdájí. Bí wọ́n bá rí ẹyẹ dúdú olórí pupa, kí wọ́n wo abẹ́ ìrù rẹ̀ dáadáa. Bí ibẹ̀ náà bá pọ́n, ìbátan rẹ̀ ni wọ́n rí, kì í ṣe òun.