Kí ló dé tí orúkọ èèyàn fi pọ̀ tó báyìí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn àgbà olórin?

Ẹnì kan béèrè pé òun fẹ́ràn àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá àti jùjú Ebenezer Obey tí bàbá òun máa ń gbọ́, ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn ti pọ̀ jù níbẹ̀, lágbájá ọmọ lágbájá ọkọ lágbájá, àwọn tí òun ò mọ̀ rí, pé ṣé owó ni wọ́n ń fi orin tọrọ ni àbí ó nítumọ̀ nínú àṣà wa. Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí, torí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó bá ti dé ibi orúkọ yẹn, ńṣe ni wọ́n ń fò ó kọjá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lorin wà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti owó. Owó wà ńbẹ̀ o. Olórin tó bá kì ẹ́ lóde àríyá, wàá dìde, wàá máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, ìyàwó ẹ á bá ẹ jáde, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ náà ò ní gbà kó jẹ́ ìwọ nìkan lo ná an. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò sọ olórin di alágbe. Ẹ wo onílù ààfin tó ń fi ìlù ka orúkọ àwọn ọba tó ti jẹ sẹ́yìn, ẹ wo àwọn ọ̀jẹ̀, ìyẹn àwọn eléégún, tó ń pe ẹ̀sà, àwọn tó ń sun rárà, gbogbo wọn ló ń gba ẹ̀bùn. Nílẹ̀ wa wọn kì í kì èèyàn kó máa wòye, ẹni tí wọ́n bá kì tí kò mú nǹkan jáde, ojú òun fúnra ẹ̀ ló máa tì í. Nítorí náà àṣà yẹn ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gbé maikirofóònù.

Rẹ́kọ́ọ̀dù ló wá fẹ̀ ẹ́ lójú. Àwo àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 78 yẹn, bí ìṣẹ́jú 3 péré lojú kan ń gbà, èèyàn mélòó lo fẹ́ kì kó tó tán? Ìgbà tí elipíì, ìyẹn àwo ńlá, dé tí ojú kan ń gbà tó ìṣẹ́jú 20 ni àyè gbà wọ́n, wọ́n wá ń so orin kan mọ́ òmíràn láìdúró bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde gan-an, onílù á gbà á, àwọn elégbè á gbà á, orúkọ á máa wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn àwo ọdún 1970 sókè fi kún fún orúkọ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú Haruna. Àwo àkọ́kọ́ tó ṣe fún HMV, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù, ní 1948, Orímolùsì Ìjẹ̀bú-Igbó, Ọba Adébóyè, ló fi kì, àwo yẹn ò sì tà. Ìgbà tí kábíyèsí wàjà ní 1955 tó tún un ṣe ni orúkọ òun náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ràn. Lójú tèmi, ohun tó fà á ò ju pé àwọn èèyàn fẹ́ ohun tí wọ́n á fi máa rántí ọba wọn, rẹ́kọ́ọ̀dù sì ni wọ́n rí. Nígbà tó di 1971 ó kọ Òròkí Social Club fún ẹgbẹ́ kan l'Óṣogbo, àwọn tí ò dé Òṣogbo rí láyé wọn rà á, wọ́n mọ̀ ọ́n lórí. Ẹgbẹ́ yẹn ò kàn wọ́n. Bí baba yẹn ṣe ń kì ló mú wọn, kì í kánjú, kò bá gìtá ṣe, agídìgbo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa lọ jẹ́jẹ́, gángan á ti sọ orúkọ yẹn tán kí ẹnu ẹ̀ tó dé bẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbádùn ẹ̀, ẹ máa tẹ̀ lé bó ṣe ń lọ. Orúkọ àbísọ, lẹ́yìn náà oríkì, Àjàní tàbí Àkànní tàbí Àṣàkẹ́, lẹ́yìn náà orílẹ̀, ìyẹn oríkì ìdílé: tó bá jẹ́ ọmọ Ọ̀fà ẹ máa gbọ́ ìjàkadì, tó bá jẹ́ ọmọ Ìkòyí ogun lẹ máa gbọ́. Wọ́n á wá dé ibi iṣẹ́ àti àdúgbò, ẹni tó ń taṣọ ní Gbági n'Ìbàdàn, ẹni tó wà l'Ítòkú l'Abẹ́òkúta, wọ́n á ki ìyàwó, wọ́n á dárúkọ ọmọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣòwò yẹn ò sí nínú ìwé ìtàn kankan! Yusuf Ọlátúnjí onísákárà, Bàbá L'Ẹ́gbàá tó kú ní 1978, ẹni tó bá fẹ́ mọ àwọn tó lówó, tó lẹ́nu láàárín àwọn Ẹ̀gbá nígbà ayé ẹ̀, kó lọ jókòó ti àwo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Board Members tí Obey ṣe, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ọmọ àwọn tó dárúkọ níbẹ̀ máa gbé nílùú òyìnbó báyìí láìmọ̀ pé wọ́n ti ki bàbá àwọn sínú àwo.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí. Tí wọ́n bá ń yin èèyàn, wọ́n á dárúkọ ẹ̀ títí dé orí àbúrò ẹ̀. Tí wọ́n bá ń bú èèyàn, wọn kì í sábà dárúkọ, òwe ni wọ́n á pa mọ́ ọn, ẹni tí wọ́n ń bá wí á mọ̀, gbogbo ìlú náà á mọ̀. Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà tí wọ́n pa l'Abẹ́òkúta ní 1980, kò lẹ́gbẹ́ lórí ìyẹn. Àwọn ololùfẹ́ ẹ̀ máa ń sọ pé olówó nìkan ni Haruna ń kì, pé Àyìnlá ló ń kọrin fún dẹ́rẹ́bà àti alápatà. Mi ò gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, Àyìnlá náà ki olówó dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá di ká fọ̀rọ̀ gún èèyàn lára, òun ni mo mú. Tó bá di ká kì èèyàn kí orí ẹ̀ wú, Haruna ni, mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣà yìí ò tíì kú o, fújì ló gbé e dání báyìí, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí sì fi Wasiu Àyìndé jẹ Máyégún Ilẹ̀ Yorùbá ní 2020. Ọ̀rọ̀ owó ni kẹ́ ẹ rọra ṣe, torí òfin báǹkì àpapọ̀ ti 2007 ka fífọ́n náírà sóde sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí fáìnì 50,000 náírà ni ó kéré tán, wọ́n sì ti ń mú èèyàn lé e lórí lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi owó sínú àpò ìwé báyìí.

Ìwọ tó béèrè, níwọ̀n ìgbà tí bàbá ẹ ṣì wà, tan Òròkí fún wọn, kó o sì máa dá a dúró níbi orúkọ kọ̀ọ̀kan kó o bi wọ́n pé ta nìyẹn. Gbé bírò dání.