Ẹ fi template sílẹ̀ ná, asẹ́ ni kí ẹ yẹ̀ wò

Ẹ ní ìjábọ̀ tí ẹ ń ṣe nínú Enterprise Architect, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòṣe iṣẹ́, ń kó gbogbo ohun tó wà nínú àwòṣe jáde, bẹ́ẹ̀ àwọn requirement (ohun tí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ṣe) tí Status wọn jẹ́ Approved (èyí tí a ti fọwọ́ sí) nìkan lẹ fẹ́, ẹ sì ti tún template ṣe títí ó fi sú yín. Mo mọ bó ṣe ń rí lára. Èmi náà ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ lórí template, mò ń yọ ìlà kan, mò ń fi òmíràn sí i. Ojú ibi tí ọgbẹ́ wà kọ́ ni mò ń fi oògùn sí.

Iṣẹ́ template ni bí nǹkan ṣe máa rí lójú ìwé. Ohun tó máa wọlé àti ohun tó máa dúró síta, ọwọ́ search, ìwádìí tó ń ṣa ohun tí ẹ fẹ́ látinú àwòṣe, ni kí ẹ fi í sí. Search yìí ni asẹ́ yín. Bí asẹ́ bá ti ya, pàǹtí á bọ́ sínú igbá, bó ti wù kí igbá ọ̀hún lẹ́wà tó.

Query Builder, ibi tí a ti ń ṣe search láìkọ kóòdù, ni mo kọ́kọ́ lò. Mo fi ìlà méjì sí i: Object Type kó jẹ́ Requirement, Status kó jẹ́ Approved. Èrò mi ni pé èyí tó bá ní méjèèjì nìkan ló máa jáde. Gbogbo requirement ló tú jáde, títí kan àwọn tí a ṣì ń jiyàn lé lórí, use case àti class tí Status wọn jẹ́ Approved sì tẹ̀ lé wọn. Àpótí kékeré kan wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pè ní Required. Bí ẹ kò bá fi àmì sínú rẹ̀, “tàbí” ló wà láàárín àwọn ìlà yẹn: èyí tó bá ti bá ọ̀kan mu ti wọlé nìyẹn. Ẹ fi àmì sí méjèèjì, á di “àti”. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, torí ohun tí ẹ ṣàlàyé yìí jọ ọ́ gan-an.

Nígbà tó yá, mo kọjá sí SQL, èdè tí a fi ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ database, n kò sì padà mọ́. Èyí tí mò ń lò nìyí (ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ń wá ló máa rọ́pò Search Term):

SELECT o.ea_guid AS CLASSGUID, o.Object_Type AS CLASSTYPE, o.Name, o.Status
FROM t_object o
WHERE o.Object_Type = 'Requirement'
AND o.Status = '<Search Term>'

Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú CLASSGUID àti CLASSTYPE, lẹ́tà ńlá sì ni kí ẹ fi kọ wọ́n bí mo ṣe kọ wọ́n yìí. Àwọn ni Enterprise Architect fi ń mọ element (nǹkan inú àwòṣe) tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Láìsí wọn, ẹ ó rí orúkọ lójú tábìlì lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni.

Ibi tí <Search Term> ti dùn ni inú Model Document, element tó dúró fún orí kan nínú ìjábọ̀. Ẹ ṣe package kan tó jẹ́ «master document», kí ẹ fi Model Document sínú rẹ̀, kí ẹ wá ṣí tagged value rẹ̀, àwọn àfikún ìsọfúnni tó ní orúkọ tí ẹ ó kọ nǹkan sí. SearchName ni ẹ ó kọ orúkọ search sí, SearchValue sì ni Approved máa lọ. RTFTemplate ni ti template. Bí ẹ bá fẹ́ orí mìíràn fún àwọn tó ṣì jẹ́ Proposed, Model Document kejì ni, search kan náà, ọ̀rọ̀ kan péré lẹ yí padà.

Bí fáìlì yín bá ti kúrò ní .eap àtijọ́ bọ́ sí .qea, ẹ fara balẹ̀ síbí yìí. SQLite, irú database kan, ló wà nínú .qea, “approved” àti “Approved” kì í sì í ṣe ọ̀kan náà lójú rẹ̀ bí ẹ bá fi = wé wọn. Ìràwọ̀ (*) tó dúró fún ọ̀rọ̀ yòówù, tí ẹ ń lò nínú LIKE tẹ́lẹ̀, náà ti di %. Ẹ kọ #WC# dípò rẹ̀, bíi LIKE '#WC#login#WC#', ẹ kò ní tún un kọ mọ́ níbikíbi tí fáìlì bá wà.

Tagged value ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Inú tábìlì t_objectproperties ni wọ́n wà, ẹ sì máa rò pé Value ni kí ẹ fi sẹ́ wọn. Àwọn tó gùn ni wọ́n máa ń kọ <memo> sí nínú Value, tí ọ̀rọ̀ gan-an á wà nínú Notes. Mo wá ọ̀rọ̀ kan títí nínú Value, mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún àwọn tí à ń ṣiṣẹ́ fún pé kò sí irú requirement bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù kò tíì dé. Ẹlẹgbẹ́ mi kan tẹ ìjábọ̀ náà jáde lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ́jọ́ tí n kò sí nítòsí, ó sì fi ránṣẹ́. Àkọlé orí kẹta wà, abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Search tí ẹ bá fúnra yín ṣe, orí kọ̀ǹpútà yín ló wà, kò sí nínú fáìlì àwòṣe. Model Document ń pe orúkọ search tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà ẹlẹgbẹ́ mi. Èmi ni mi ò sọ fún un. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ti yí search kan padà báyìí, mo máa ń export rẹ̀ sí XML, mo sì máa ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa kí wọ́n import rẹ̀ kí n tó sinmi.

Ní ti Element Filters tó wà níbi tí ẹ ti ń tẹ ìwé jáde, ó dára fún iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Fún ìjábọ̀ tí ẹ ó máa ṣe léraléra, search ni kí ẹ lò.

Kí ẹ tó so search mọ́ ìwé kankan, ẹ fi Approved sínú àpótí Search Term, ẹ ṣe é lóun nìkan, kí ẹ ka iye ìlà tó jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ ìjábọ̀, kí ẹ sì ka iye requirement tó wà nínú rẹ̀. Bí iye méjèèjì bá dọ́gba tí ohun tí kò yẹ ṣì wà níbẹ̀, inú WHERE ni àṣìṣe wà. Bí wọn kò bá dọ́gba, ìgbà yẹn ló tó ṣí template.